Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ olókùúta wẹ́wẹ́ tí mọ́tò ò lè gbà ní Peak District, ẹ bá wa dá sí i

Ọmọ Ìbàdàn, Derby

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Àtìgbà tá a ti kó wá sí Derby ni ìyàwó mi ti ń sọ pé ká máa gun kẹ̀kẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, èmi náà sì fẹ́ràn ẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́ káàkiri Mọ́kọ́lá nígbà tí mo wà ní kékeré. Àmọ́ títì ìgbèríko ibí yìí ń bà mí lẹ́rù, ọ̀nà tóóró, wọ́n fi òkúta mọ odi sí i lọ́tùn-ún lósì, kò sí ibi téèyàn lè yà sí, mọ́tò á sì yọ lójijì ní kọ́nà. Ọmọ wa àgbà ti pé ọdún mẹ́jọ, ó ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn, àbúrò ẹ̀ ò tíì pé mẹ́ta. Ìyá mi náà ń bọ̀ láti ilé lóṣù keje, wọ́n sì ti ní àwọn ò ní jókòó sílé máa wo ojú fèrèsé.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀nà kan wà ní Peak District tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lásán, tí mọ́tò kankan ò lè gbà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti gùn ún, èwo ni ká fi bẹ̀rẹ̀, irú kẹ̀kẹ́ wo ló ń lọ níbẹ̀, ṣé ó di dandan kéèyàn ra èyí tí wọ́n ń pè ní gravel bike, kẹ̀kẹ́ onítáyà fífẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókùúta? Owó ẹ̀ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò kéré o.

Ológeere, Sheffield

Ẹ káàbọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ra nǹkan kan ná.

Ohun tó yẹ kẹ́ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ ń gbọ́ yẹn. Wọ́n ti ká irin kúrò, wọ́n da òkúta ẹfun tí wọ́n rún wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ rélùwéè ni pé ọkọ̀ ojú irin ò lè gun òkè tó dúró ṣánṣán, torí ẹ̀ àwọn tó la ọ̀nà yẹn nígbà náà gé òkè, wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ àpáta, wọ́n ṣe afárá gba orí àfonífojì, kí ọ̀nà lè máa gòkè díẹ̀díẹ̀ débi pé èèyàn ò ní fura. Iṣẹ́ yẹn ni àwa ń jẹ èrè ẹ̀ lónìí. Ilẹ̀ olókè ni Peak District o, tẹ́ẹ bá gba títì, orúnkún yín á sọ̀rọ̀, àmọ́ lórí ọ̀nà rélùwéè ọmọ ọdún mẹ́jọ á gùn ún láìsọ̀kalẹ̀.

Tissington Trail ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ lọ. Máìlì 13 ni, láti Ashbourne dé Parsley Hay, ọdún 1899 ni wọ́n ṣí rélùwéè ẹ̀, ó sì ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti 1971. Ashbourne ò jìnnà sí yín rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ashbourne, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún, torí pé láti Ashbourne lọ ńṣe ló ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó bá wá rẹ gbogbo yín, ọ̀nà fúnra ẹ̀ lá máa gbé yín bọ̀ wálé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Parsley Hay á kọ́kọ́ gbádùn, ó wá di ìrọ̀lẹ́ kó tó mọ̀ pé gígun òkè ló kù fún òun pẹ̀lú ọmọ tó ti ń sunkún. Ibì kan wà kẹ́ẹ tó jìnnà sí Ashbourne tí wọ́n ti wó afárá àtijọ́, ọ̀nà á ṣàdédé rì kó tó tún gòkè, kí ọmọ sọ̀kalẹ̀ kó ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ti tẹ́jú.

Kò pọn dandan kẹ́ẹ dé Parsley Hay lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Abúlé Tissington wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ yà síbẹ̀, kẹ́ẹ sinmi, kẹ́ẹ yí padà. Lọ́dọọdún ní àkókò Ìgòkè-re-ọ̀run Jésù, wọ́n máa ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí àwọn kànga abúlé náà, wọ́n á to ewé òdòdó mọ́ orí amọ̀ tútù lórí pátákó títí á fi di àwòrán ńlá, ó wù mí kí gbogbo ọmọ wa rí i. Àmọ́ èrò máa ń pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ibi ìgbọ́kọ̀sí á kún.

Ìyá Ìbejì, Nottingham

Bọ̀dá Ológeere ti sọ dáadáa, àmọ́ fún ẹni tó ní ọmọ tí ò tíì pé mẹ́ta, Monsal Trail ni tèmi, mi ò ní fi pa mọ́. Máìlì mẹ́jọ àtààbọ̀ péré ni, láti ẹ̀gbẹ́ Bakewell dé Blackwell Mill, ojú ọ̀nà rélùwéè tó ń lọ láti Manchester sí London láyé ọjọ́un, wọ́n tì í ní 1968. Ihò abẹ́ òkè ńláńlá mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà yẹn, Headstone, Cressbrook, Litton àti Chee Tor, èyí tó gùn jù nínú wọn ń lọ sí 500 mítà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dí àwọn ihò yìí pa, téèyàn á máa gba orí òkè yí wọn ká, oṣù karùn-ún 2011 ni wọ́n tó ṣí wọn. Iná wà nínú wọn lójú mọmọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ibẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, gbogbo wọn ló máa ń pariwo kí ohùn wọn lè máa dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo ẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bínú. Tẹ́ẹ bá jáde nínú ihò Headstone, orí afárá gíga lẹ máa bá ara yín, odò Wye lẹ máa rí nísàlẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń dúró.

Nǹkan tí wọn kì í sọ fúnni nìyí: inú ihò yẹn tutù, kódà nínú oṣù keje. Omi máa ń kán látòkè. Ẹni tó ti ń làágùn bọ̀ látinú oòrùn á wọnú ẹ̀ lójijì ni, ara á gbọ̀n. Ẹ fi súwẹ́tà ọmọ sí ibi tọ́wọ́ ti máa tètè tó o, kì í ṣe ìsàlẹ̀ báàgì.

Èyí àbúrò, ẹ má gbé e sí iwájú tàbí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lásán. Àwọn tó ń háyà kẹ̀kẹ́ ní tírélà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà, ọmọ á jókòó sínú ẹ̀, bẹ́líìtì wà, ìbòrí òjò wà, ibẹ̀ làwọn ìbejì mi ti ń sùn. Ní Hassop Station, ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ kan lójú ọ̀nà yẹn, ẹ máa rí kẹ̀kẹ́ háyà, ẹ sì máa rí oúnjẹ rà. Ẹ̀gbẹ́ Bakewell ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìdí kan náà tí Bọ̀dá sọ, kí ìpadàbọ̀ lè jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀sán Sunday tójú ọjọ́ bá dáa. Èrò á pọ̀, ajá, arúgbó, kẹ̀kẹ́ àrọ, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ẹ lọ.

Àbíkẹ́, Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbàgbé àwa tá ò ní mọ́tò. Gbogbo bẹ́ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó dà bíi pé ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè gbé kẹ̀kẹ́ sórí ẹ̀ nìkan ló lè débẹ̀. Ashbourne ò ní ibùdókọ̀ ojú irin, Bakewell náà ò ní in mọ́.

Èmi, láti Manchester Piccadilly ni mo ti ń wọ tírénì lọ sí Hadfield. Tẹ́ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, Longdendale Trail fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ yẹn gan-an. Nǹkan bíi máìlì mẹ́fà àtààbọ̀ ni títí dé Woodhead, ẹ̀gbẹ́ àwọn adágún omi tí wọ́n fi ìdídò sé ló ń gbà, omi lápá òsì yín, òkè aláwọ̀ ilẹ̀ níwájú. Rélùwéè ẹ̀ kú ní 1981, ọdún 1992 ni wọ́n ṣí i fún kẹ̀kẹ́. Apá kan lára Trans Pennine Trail ni, èyí tó ti etí òkun ìwọ̀ oòrùn ní Southport dé etí òkun ìlà oòrùn ní Hornsea.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ méjì. Ẹ máa sọdá títì ní Torside, ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ wò ọ́tùn-ún wò òsì. Èkejì, ibi tí ihò Woodhead wà ni kẹ́ẹ ti yí padà. Ihò yẹn ò ṣí fún ẹnikẹ́ni, wáyà iná ló gba inú ẹ̀, tẹ́ẹ bá ní kẹ́ẹ máa tẹ̀ lé àmì lọ, ọ̀nà á gun orí òkè, ó sì máa mú yín dé títì A628 tí ọkọ̀ ẹrù ńlá ń sáré lórí ẹ̀. Kì í ṣe ibi ọmọdé. Atẹ́gùn náà sì le níbẹ̀, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti sábà máa ń fẹ́, á tì yín lẹ́yìn nígbà tẹ́ẹ bá ń lọ, á wá dojú kọ yín nígbà tẹ́ẹ bá ń bọ̀, torí ẹ̀ ẹ fi agbára pamọ́.

Nípa tírénì: àyè kẹ̀kẹ́ tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Ẹ má lọ lásìkò táwọn òṣìṣẹ́ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìtì, Stoke

Mo rí i pé kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Manifold Way, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kẹ́nìkan má baà lọ ṣèèṣì. Máìlì mẹ́jọ, Waterhouses dé Hulme End, rélùwéè kékeré tó ṣiṣẹ́ láàárín 1904 sí 1934 péré. Ibẹ̀ rẹwà ju gbogbo ibi tẹ́ẹ ti dárúkọ lọ lójú tèmi, ihò àpáta ńlá kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní Thor's Cave, ẹ máa rí ẹnu ẹ̀ látìsàlẹ̀. Ọ̀dà ni wọ́n yí sí ọ̀pọ̀ ibẹ̀, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́, torí ẹ̀ kódà kẹ̀kẹ́ títì á lọ. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀: gbogbo ẹ̀ kọ́ ló bọ́ lọ́wọ́ mọ́tò. Láti ìtòsí Wetton Mill dé Swainsley, mọ́tò ń gbà á, ihò tó wà níbẹ̀ gan-an mọ́tò ń gbà á. Wọn kì í pọ̀, wọn kì í sì í sáré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọkàn balẹ̀ pé mọ́tò ò sí, tó jẹ́ kí ọmọ máa sáré níwájú, ó lè bá a pàdé nínú òkùnkùn. Ẹ tan iná kẹ̀kẹ́ yín, ẹ kó ọmọ sáàárín.

Mo tún fẹ́ sọ pé ẹ̀yin èèyàn ń fi ara yín mọ́ ojú ọ̀nà rélùwéè jù. Àwọn ọ̀nà ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń pè ní bridleway kún gbogbo agbègbè yìí, mọ́tò ò sí lórí ẹ̀, èrò náà ò sí. Òfin ti fún wa láyè láti fi kẹ̀kẹ́ gbà á láti ọdún 1968.

Ológeere, Sheffield

Òótọ́ lẹ sọ nípa òfin, Countryside Act ọdún 1968 ló fún oníkẹ̀kẹ́ láyè lórí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, òfin yẹn kan náà ló sì ní ká yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn pé ká darí ìdílé Ẹ̀gbọ́n síbẹ̀ ná. Òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ọ̀nà ẹlẹ́ṣin fún táyà kẹ̀kẹ́. Ní White Peak wọ̀nyí, ìyẹn apá olókùúta ẹfun Peak District, ẹ lè wà lórí koríko tútù nísinsìnyí, kẹ́ẹ wá bọ́ sórí òkúta tó tó orí ọmọ tó ń yí lábẹ́ táyà, lórí gẹ̀rẹ́ tó le, pẹ̀lú géètì tẹ́ẹ máa ṣí tẹ́ẹ máa tì, màlúù sì wà nínú oko. Mo fẹ́ràn ẹ̀ o, ibẹ̀ ni mo máa ń wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ kẹ̀kẹ́ ẹ̀ darí dáadáa ló wà fún.

Ẹni tó bá máa débẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ wo àwọ̀ ọfà ara òpó. Búlúù ni ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, kẹ̀kẹ́ lè gbà á. Yẹ́lò ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, kẹ̀kẹ́ ò gbọ́dọ̀ gùn ún níbẹ̀. Nínú máàpù Ordnance Survey, iléeṣẹ́ máàpù ìjọba, nọ́ńbà OL24 ló ní White Peak, OL1 ló ní Dark Peak, apá àríwá lọ́hùn-ún, ẹ ra ti bébà, torí nẹ́tíwọ̀kì ò dáa nínú àwọn àfonífojì yẹn, fóònù lè má ṣí máàpù rárá.

Ọmọ Ìbàdàn, Derby

Ẹ ṣeun ẹ̀yin èèyàn mi, Olúwa á máa dá yín sí. Ó ti ń yé mi. Ó ku ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀. Èmi ní kẹ̀kẹ́ hybrid kan, èyí tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ títì àti kẹ̀kẹ́ orí òkè, tí mo rà ní tòkúnbọ̀. Ìyá mi ńkọ́? Wọ́n máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ọ́ wọn, wọ́n ti lé ní 60 báyìí, orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n.

Ológeere, Sheffield

Hybrid yẹn ti tó. Táyà ni kẹ́ẹ wò, kì í ṣe orúkọ kẹ̀kẹ́. Ẹ wo ara táyà, ẹ máa rí nọ́ńbà níbẹ̀, tó bá ti wà láàárín 35 sí 45 mílímítà ó ti lọ. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti kẹ̀kẹ́ eré ìje ló ń ṣòro, òkúta á máa gbọ̀n yín lọ́wọ́ títí ẹ ó fi délé. Ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà kó le gbagidi bí ẹni tó fẹ́ gun títì, ẹ dín in kù díẹ̀, kó lè máa mu òkúta mọ́ra, kìkì pé kẹ́ẹ má dín in débi tí irin á fi máa gbá ilẹ̀. Gravel bike dáa, mo ní ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ máa rìn jìnnà lójoojúmọ́ ló yẹ fún.

Tí òjò bá rọ̀, òkúta ẹfun yẹn á di ẹrẹ̀ funfun bí ògì, á lẹ̀ mọ́ ṣéènì àti bíréékì. Kó tó gbẹ ni kẹ́ẹ fi omi ṣàn án kúrò tẹ́ẹ bá délé, kẹ́ẹ nu ṣéènì, kẹ́ẹ fi òróró kékeré sí i. Tó bá gbẹ síbẹ̀, ó ń jẹ irin. Kò sí fọ́kanáísà lójú ọ̀nà níbẹ̀ o, ẹ mú túùbù tuntun kan tó bá táyà yín mu, ohun tí wọ́n fi ń ṣí táyà, àti pọ́ǹpù kékeré, kẹ́ẹ sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ẹ̀ nílé.

Fún màmá, ẹ bá wọn háyà kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, wọ́n ní in ní àwọn ibi ìháyà ńlá, àmọ́ ẹ pè síwájú kí wọ́n bá yín tọ́jú ẹ̀. Òfin ibí ní kí mọ́tò ẹ̀ má ju 250 watt lọ, kó sì má ran èèyàn lọ́wọ́ mọ́ tó bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, ẹni tó bá ti pé ọdún 14 lè gùn ún láìní láísẹ́ǹsì. Ṣe ni wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ yí i jẹ́jẹ́, orúnkún ò ní mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ń bẹ̀rù àtiṣubú, ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì, Nottingham

Kí màmá kọ́kọ́ gùn ún yípo nínú ọgbà kan ní Derby o, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì máa ń ta síwájú téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àṣíborí: ẹ̀yin obìnrin àti àwọn ọmọbìnrin, orí tẹ́ẹ máa gbé lọ ni kẹ́ẹ fi dán an wò. Tẹ́ẹ bá rà á nígbà tí irun wà ní kíkó wálẹ̀, tẹ́ẹ wá lọ di irun aláfikún ńlá, kò ní jókòó mọ́, á kàn gbé sókè orí lásán, kò sì lè dáàbò bo iwájú orí. Kí irun dídì wálẹ̀ sí ẹ̀yìn ọrùn, kó má ga sí àárín orí lọ́sẹ̀ tẹ́ẹ bá máa lọ.

Ẹ ra agogo kẹ̀kẹ́. Tẹ́ẹ bá ń bọ̀ lẹ́yìn èèyàn, ẹ lù ú látòkèèrè, kẹ́ẹ dín eré kù, kẹ́ẹ kí wọn tẹ́ẹ bá ń kọjá. Àmọ́ ẹṣin ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má lu agogo mọ́ ẹṣin, ẹ fi ohùn kí ẹni tó wà lórí ẹ̀, kí ẹṣin lè mọ̀ pé èèyàn ni, kẹ́ẹ dúró tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ dúró.

Oúnjẹ, ẹ gbé tiyín dání. Kafé wà ní Hassop, ó wà ní Millers Dale, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ fún èèyàn márùn-ún á dun yín. Jọ̀lọ́ọ̀fù nínú fúláàsì ń ṣiṣẹ́, ẹyin sísè, omi púpọ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìtì, Stoke

Mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́jọ ẹ jẹ́ kó dúró ná. High Peak Trail ló kù kẹ́nìkan sọ. Máìlì 17, ó pàdé Tissington Trail ní Parsley Hay. Láti Middleton Top lọ sí Parsley Hay dáa gan-an, ilẹ̀ gbalasa, àgùntàn, atẹ́gùn. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ẹ wọ tírénì láti Derby dé Cromford kẹ́ẹ wá gùn ún látibẹ̀ lọ sókè. Àwọn tó ṣe rélùwéè yẹn ní nǹkan bíi 1830 ò yí òkè po, ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń fi okùn irin fa ọkọ̀ gòkè, torí ẹ̀ gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín Cromford àti Middleton Top dúró, tẹ́ẹ bá lọ mítà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án síwájú ẹ ti gòkè mítà kan. Ńṣe lẹ máa sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Tẹ́ẹ bá sì ń sọ̀kalẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀, bíréékì ọmọdé ò lè mú un lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ wa mọ́tò dé Middleton Top, ẹ̀rọ àtijọ́ náà ṣì wà nínú ilé ẹ̀ níbẹ̀.

Àbíkẹ́, Manchester

Ẹ fi Fairholmes kún un fún ìgbà míì, lókè adágún Ladybower. Láti ibẹ̀ lọ sókè dé King's Tree, wọ́n máa ń ti ọ̀nà mọ́ mọ́tò ní Sátidé, Sunday àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba, kẹ̀kẹ́ lá máa dá gbà á. Ẹ̀gbẹ́ kejì omi náà ní ọ̀nà olókùúta, ó rí gbágungbàgun ju Monsal lọ, kí ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà lọ kó gba ibẹ̀ bọ̀. Abúlé méjì ló wà lábẹ́ omi Ladybower, Derwent àti Ashopton, ẹ sọ ìtàn ẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n, oṣù keje tí màmá ń bọ̀ yẹn dáa, ilẹ̀ ò ní ṣú títí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó bá ń ka èyí tó fẹ́ lọ ní Kérésì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀: oòrùn ti ń wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná inú ihò Monsal kì í sì í tàn mọ́jú. Ẹ mú iná iwájú àti ẹ̀yìn fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ọmọ náà, kẹ́ẹ sì ti yí padà sílé nígbà tí aago bá lu méjì.